Bí A Ti Ń Gba Àkójọ Dátà Padà Lórí Kọ̀ǹpútà Ńlá

Kókó tí a gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò ní òní kì í ṣe ohun tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí kò kàn. Owó oṣù òṣìṣẹ́, owó tí ó wà ní ilé-ìfowópamọ́, àyè tí a gbà nínú ọkọ̀ òfurufú: púpọ̀ nínú àkọsílẹ̀ irú nǹkan báwọ̀nyí ní àgbáyé ni ó wà lórí àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mainframe. Bí ọ̀kan nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá parẹ́ ní òru, tàbí tí ó bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ọ̀nà wo ni a fi ń gbà á padà? Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1964 ni ilé-iṣẹ́ IBM ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde ìdílé kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní System/360. Kí ó tó di ìgbà náà, iṣẹ́ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà kan kì í sábàá ṣiṣẹ́ lórí òmíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó ṣe méjèèjì. System/360 yí èyí padà: kékeré inú ìdílé náà àti ńlá inú rẹ̀ ń gbọ́ èdè kan náà. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ni à ń pè ní IBM Z ní òde òní, z/OS sì ni orúkọ ètò tí ó ń darí púpọ̀ nínú wọn.

Lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ tí a kó jọ sí abẹ́ orúkọ kan ni wọ́n ń pè ní data set. Àwa yóò máa pè é ní àkójọ dátà. Orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju àmì 44 lọ. Wọ́n máa ń pín orúkọ náà sí ìsọ̀rí, ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju àmì 8 lọ, àmì ìdánudúró ni ó sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a bá fẹ́ fi owó oṣù karùn-ún àwọn olùkọ́ pamọ́, a lè pè é ní OWO.OLUKO.OSU05. Ìwé kan wà tí ń jẹ́ kátálọ́ọ̀gì, òun ni ó máa ń sọ díìsìkì tí orúkọ kọ̀ọ̀kan wà lórí rẹ̀. Ẹ fi kátálọ́ọ̀gì yìí sí ọkàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìwé atọ́nà ni a ó padà bọ̀ sí níkẹyìn.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí díìsìkì wọ́n gógó, IBM gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n pè ní HSM, kí ó lè máa bá ènìyàn ṣe ìtọ́jú àkójọ dátà tí ó ti pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ lè ká lọ. Ó ṣì wà títí di òní gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà kan nínú DFSMS. Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe, àwọn tí ó sì ń lo kọ̀ǹpútà fún ọ̀pọ̀ ọdún pàápàá a máa pa méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Inú ìpapọ̀mọ́ra yìí ni ọ̀pọ̀ wàhálà ti ń wá.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kíkó ohun tí a kò lò mọ́ kúrò ní iwájú ilé. Bí àkójọ dátà kan bá wà lórí díìsìkì fún ìwọ̀n ọjọ́ tí a ti là sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí i, HSM yóò fún un pọ̀ kí ó lè kéré, yóò gbé e lọ sí díìsìkì mìíràn tàbí sí orí téèpù, yóò sì mú un kúrò ní ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Bí a bá wo kátálọ́ọ̀gì lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ó bá ní ipò díìsìkì rẹ̀: MIGRAT. Bí ẹni tí ó ni ín bá tún dárúkọ rẹ̀, HSM yóò lọ gbé e wá. Iṣẹ́ tí ó béèrè rẹ̀ yóò kàn dúró díẹ̀ ni. Èyí ni wọ́n ń pè ní recall, tí a lè pè ní ìpèpadà.

Iṣẹ́ kejì ni ṣíṣe ẹ̀dà. Ní òru, HSM a máa wo àwọn díìsìkì, a sì máa da àkójọ dátà tí ó bá ti yí padà kọ sí ibòmíràn, láìfọwọ́ kan ojúlówó. Bí ojúlówó bá bàjẹ́, inú ẹ̀dà yìí ni a ó ti mú un padà. Èyí ni recover, ìgbàpadà.

Àgbẹ̀ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì dáradára. Àgbàdo tí ó kó sínú àká, ọ̀kan náà tí yóò jẹ ni, ibi tí ó wà ni ó yí padà. Bí iná bá jó àká, ebi dé. Èyí tí ó so kọ́ sókè ààrò fún irúgbìn, ìyẹn ni ó lè mú oko bọ̀ sípò. Síbẹ̀, ọ̀gá olùkọ́ kan tí a jọ jókòó sọ fún wa pé òun ti gbọ́ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan wí pé àkójọ dátà òun “wà lórí téèpù, nítorí náà kò séwu.” Ó yẹ kí á bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ léèrè pé: ṣé àká ni téèpù náà ni, tàbí òkè ààrò? Nítorí pé ohun tí a kó lọ sí téèpù nítorí àìlò, ọ̀kan ṣoṣo ni, àfi bí a bá ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí HSM ti ń mọ ohun tí ó yẹ kí ó dà kọ. Lórí díìsìkì kọ̀ọ̀kan ni ìwé atọ́ka kékeré kan wà, àmì kan sì wà nínú rẹ̀ fún àkójọ dátà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí àkójọ dátà kan láti kọ nǹkan sí i, àmì náà yóò dìde. Ní òru, HSM a da èyí tí àmì rẹ̀ dìde kọ, a sì tẹ àmì náà padà sílẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ohun àjèjì pé kí ẹ̀dà tuntun jù lọ tí a ní jẹ́ ti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kan ojúlówó láti ìgbà náà, ẹ̀dà ọ̀hún pé pérépéré. Ṣùgbọ́n ohun tí a kọ sínú rẹ̀ láti òwúrọ̀ òní kò tí ì sí nínú ẹ̀dà kankan.

Ẹ̀dà wọ̀nyí kì í wà títí láé. Àwọn alákòóso ni yóò la iye tí ó gbọdọ̀ wà sílẹ̀, bóyá méjì, bóyá mẹ́ta, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí tuntun bá ti dé, èyí tí ó pẹ́ jù lọ yóò yẹra fún un. Òfin ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń ṣe fún àkójọ dátà tí a ti pa rẹ́. A lè rí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀dà mẹ́ta pamọ́ níwọ̀n ìgbà tí ojúlówó wà láyé, ṣùgbọ́n tí wọn kì í fi ju ọ̀kan lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ojúlówó bá ti lọ, tí wọ́n sì fún ọ̀kan náà ní iye ọjọ́ tí yóò lò. Bí ọjọ́ náà bá pé tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, òun náà lọ nìyẹn.

Níbi tí a dé yìí, arábìnrin kan láàárín wa, tí ó ń kọ́ni ní ìṣirò, béèrè pé kí ni ó wá le nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, “Bí ẹ̀dà bá wà, ẹ gbé e jáde, ó tán.” Ìbéèrè tí ó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ni ó jẹ́ kí á ya àkókò sọ́tọ̀ fún kókó yìí. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ká ní ẹ̀dà mẹ́ta ni wọ́n ń fi pamọ́ fún OWO.OLUKO.OSU05, àti pé kò sí òru ọjọ́ iṣẹ́ kan tí wọn kì í dà á kọ nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, àṣìṣe inú iṣẹ́ tuntun kan sọ ìpele owó oṣù ìdajì àwọn olùkọ́ di ohun mìíràn. Kò sí ariwo kankan. Kọ̀ǹpútà kò kú, kò sì sí iná tí ó pọ́n, nítorí pé lójú kọ̀ǹpútà iye kan ni a fi rọ́pò iye mìíràn. Ní òru ọjọ́ Ajé, HSM da èyí tí ó bàjẹ́ kọ tọkàntọkàn. Ẹ̀dà mẹ́ta tí ó wà nílẹ̀ di ti Ajé tí ó bàjẹ́, ti Ẹtì tí ó dára, àti ti Ọjọ́bọ̀ tí ó dára. Ní òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ti Ọjọ́bọ̀ yẹra. Bí ẹnì kan bá fura ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ẹ̀dà ti ọjọ́ Ẹtì ṣì ń bẹ nílẹ̀, òun ni ó kẹ́yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ó bá di òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kí wọ́n tó fura, ẹ̀dà mẹ́ta wà níbẹ̀ tí ó pé, tí ó mọ́, tí kò sí èyí tí ó dára nínú wọn.

A ó rí i báyìí pé ẹ̀dà ìpamọ́ kì í mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Ojúṣe rẹ̀ kò ju pé kí ó rántí lọ. Ẹni tí ó mọ iye tí ó yẹ kí olùkọ́ gbà ni ó lè sọ pé ohun tí a rántí kò tọ́, iye ọjọ́ tí ó bá sì gbà á kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí á fi ka iye ẹ̀dà tí a ó tọ́jú. Lójú tèmi, ibi tí àwọn alákòóso ti máa ń kùnà jù lọ nìyí: wọ́n a wo bí àyè téèpù ti tó, wọ́n á sì fi pinnu iye ẹ̀dà, láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn olówó oṣù pé ọjọ́ mélòó ni ó máa ń gbà kí wọ́n tó yẹ ìwé owó wọn wò.

Bí a bá ti pẹ́ jù fún ẹ̀dà òru, ọ̀nà mìíràn wà. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń da odidi díìsìkì kọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì ń fi téèpù rẹ̀ pamọ́ fún ìgbà pípẹ́, nígbà mìíràn ní ìlú mìíràn. HSM lè mú àkójọ dátà kan ṣoṣo jáde láti inú irú ẹ̀dà odidi díìsìkì bẹ́ẹ̀. Ó lè pẹ́ díẹ̀, ọjọ́ tí ẹ̀dà náà dúró fún sì lè jìnnà, ṣùgbọ́n ó sàn ju òfo lọ.

Wàyí o, ká ní Ọjọ́rú ni wọ́n fura, tí ẹ̀dà ti ọjọ́ Ẹtì ṣì wà. Kí ni ó yẹ kí òṣìṣẹ́ náà ṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó wo ohun tí ó ní. Àṣẹ kan wà tí ń jẹ́ HLIST tí yóò to gbogbo ẹ̀dà lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí a ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti téèpù tàbí díìsìkì tí ó wà. Wọ́n ń kà wọ́n sẹ́yìn: èyí tí ó tuntun jù lọ ni ìran 0, èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ìran 1, ti ọjọ́ Ẹtì wa yìí yóò sì jẹ́ ìran 2. Àṣẹ tí ń gbà á padà ni HRECOVER. Bí a kò bá sọ ìran tí a fẹ́, tuntun jù lọ ni yóò gbé wá, èyí tí ó bàjẹ́ nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí.

Ewu kejì wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a lè fi kún àṣẹ náà: REPLACE. Bí ojúlówó bá ṣì wà ní ààyè rẹ̀, HRECOVER kò ní gbà láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ àfi bí a bá fi ọ̀rọ̀ yìí kún un. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti gbóná, tí ọ̀gá dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí tẹlifóònù ń dún, a máa tètè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n inú ojúlówó tí ó bàjẹ́ yẹn ni iṣẹ́ òótọ́ tí àwọn akọ̀wé ṣe ní ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú wà: olùkọ́ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ẹni tí ó fẹ̀yìn tì, ẹni tí ó yí ilé-ìfowópamọ́ rẹ̀ padà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a rí owó oṣù tí ó tọ́ gbà padà, a sì sọ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta nù. Ẹ̀rí àṣìṣe náà pàápàá a bá a lọ.

Ohun tí àwọn àgbà òṣìṣẹ́ máa ń ṣe ni pé kí wọ́n gba ẹ̀dà padà pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Báyìí ni wọn yóò ṣe kọ ọ́:

HRECOVER 'OWO.OLUKO.OSU05' GENERATION(2) NEWNAME('OWO.OLUKO.AYEWO')

Lẹ́yìn èyí, méjèèjì wà nílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n lè fi ìpele owó oṣù tí ó wà nínú AYEWO tún ojúlówó ṣe, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta náà sílẹ̀ bí ó ti wà. Iṣẹ́ yìí le ju kí á kàn tẹ REPLACE lọ, ó sì lè gba odidi ọjọ́ kan. Òun ni mo fara mọ́.

Ọ̀rọ̀ tún yí padà bí ó bá jẹ́ pé Db2 tàbí irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣàkóso àkọsílẹ̀ náà. Níbẹ̀, ohun kan ṣoṣo lójú ènìyàn lè wà nínú ọ̀pọ̀ àkójọ dátà tí wọ́n gbára lé ara wọn. Bí a bá mú ọ̀kan padà sí ọjọ́ Ẹtì tí a sì fi àwọn ìyókù sílẹ̀ ní Ọjọ́rú, wọn yóò máa ta ko ara wọn. Ìdí nìyí tí irú àwọn ètò bẹ́ẹ̀ fi ní ẹ̀dà tiwọn, tí wọ́n sì ní àkọsílẹ̀ gbogbo ìyípadà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀-lé, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀dà kí wọ́n sì tún ìyípadà wọ̀nyí ṣe títí dé ìṣẹ́jú tí a fẹ́. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí mọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ìjíròrò ọ̀tọ̀.

A ti ń dárúkọ téèpù láti ìbẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, kẹ̀kẹ́ ńlá ni téèpù, èyí tí wọ́n sábà ń lò sì gùn tó ẹsẹ̀-bàtà 2,400. Bí HSM bá fẹ́ ọ̀kan, yóò kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ojú ẹ̀rọ ní yàrá kọ̀ǹpútà, òṣìṣẹ́ yóò sì lọ wá a láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún lórí pẹpẹ, yóò gbé e wá fi kọ́. Ní ọdún 1984 ni IBM mú 3480 jáde, téèpù inú páálí pẹlẹbẹ tí a lè fi ọwọ́ kan gbé, tí ó sì ń gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì 200. Ní ọdún 1987, StorageTek gbé ilé téèpù kan jáde tí ọwọ́ ẹ̀rọ ń mú téèpù fúnra rẹ̀, tí ó sì ń gba nǹkan bí téèpù 6,000. Lóde òní, ọ̀pọ̀ téèpù tí HSM rò pé òun ń lò, díìsìkì tí ń ṣe bí téèpù ni wọ́n.

Ohun kan kò yí padà nínú gbogbo èyí. Bí ẹ̀dà àtijọ́ ti ń yẹra, téèpù a máa ṣófo díẹ̀díẹ̀, títí tí ó fi lè jẹ́ pé ohun tí ó wúlò lórí rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ. HSM a máa kó ìwọ̀nba èyí tí ó wúlò lórí irú àwọn téèpù bẹ́ẹ̀ jọ sórí téèpù tuntun, kí wọ́n lè tún èyí tí ó ṣófo lò. Nítorí náà, ẹ̀dà tí ó wà lórí téèpù kan ní oṣù yìí lè wà lórí òmíràn ní oṣù tí ń bọ̀. Orúkọ tí ẹ̀dà ń jẹ́ lórí téèpù kì í sì ṣe orúkọ ojúlówó. HSM ni ó ń sọ ọ́ ní orúkọ tuntun. Ènìyàn kò lè fi ojú lásán tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Ta ni ó wá mọ ibi tí gbogbo rẹ̀ wà? Ìwé mẹ́ta tí HSM ń kọ fún ara rẹ̀ ni. Èyí tí ń jẹ́ MCDS mọ àwọn tí a kó lọ sí àká. Èyí tí ń jẹ́ BCDS mọ ẹ̀dà tí a ṣe, ọjọ́ tí a ṣe é, àti ibi tí ó wà. OCDS ni ó mọ ohun tí ó wà lórí téèpù kọ̀ọ̀kan. Bí BCDS bá parẹ́, a lè dúró láàárín ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá téèpù tí kò sí ọ̀kan tí ó bàjẹ́ nínú wọn, kí á má sì lè gba àkójọ dátà kan ṣoṣo padà ní wákàtí tí a nílò rẹ̀. Àṣẹ kan wà tí ó lè ka téèpù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó sì fi ohun tí ó bá níbẹ̀ tún ìwé ṣe, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ètò òwúrọ̀ ọjọ́ owó oṣù.

Ọ̀gá olùkọ́ wa tún béèrè pé, “Ṣé ìwé náà ní ẹ̀dà?” Ó ní. HSM a máa da àwọn ìwé mẹ́ta yìí kọ, ó sì tún ní ìwé kẹrin tí ń jẹ́ journal, tí ó ń kọ gbogbo ìyípadà tí ó ń ṣe sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí bí ó ti ń ṣe é. Bí BCDS bá bàjẹ́ ní ọ̀sán, wọn yóò gbé ẹ̀dà rẹ̀ ti àná wá, wọn yóò sì fi àṣẹ UPDATEC tún ohun tí journal kọ láti àná ṣe lórí rẹ̀, títí tí ìwé yóò fi dé ibi tí ó dé kí ó tó bàjẹ́. Bí ẹ̀dà tuntun bá ti jáde ní pípé, wọ́n á nu journal, á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí journal àti àwọn ìwé mẹ́ta náà wà lórí díìsìkì kan náà. Ibi tí wọ́n bá ti fi wọ́n pọ̀ nítorí àti fi àyè pamọ́, díìsìkì kan ṣoṣo ni ó kù tí yóò kú kí gbogbo rẹ̀ tó bàjẹ́.

Bí a bá fẹ́ mọ bí àìní ìwé atọ́nà àti ẹ̀dà ti ń dun ènìyàn tó, ẹ jẹ́ kí á fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ díẹ̀ kí á wo àkọsílẹ̀ orí ìwé lásán. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1973, iná jó ilé tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kó fáìlì àwọn ọmọ-ogun wọn sí lẹ́bàá ìlú St. Louis. Fáìlì tí ó ṣègbé wà láàárín mílíọ̀nù 16 sí 18. Kò sí ẹ̀dà kankan, wọn kò yà wọ́n sínú fíìmù, wọn kò sì ṣe ìwé atọ́ka fún wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè sọ ní pàtó àwọn ẹni tí fáìlì wọn jóná. Fáìlì wọ̀nyí sì ni ọmọ-ogun tí ó ti fẹ̀yìn tì fi ń gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ìwé owó oṣù àti ìwé àwọn ẹ̀ka ìjọba mìíràn tún ìtàn iṣẹ́ ẹni kọ̀ọ̀kan tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni náà tàbí ìdílé rẹ̀ bá ti wá béèrè.

Ẹnì kan lè rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, bátìrì gbiná ní ilé kọ̀ǹpútà ìjọba ilẹ̀ South Korea ní ìlú Daejeon. Ètò ìjọba tí ó lé ní 600 ni ó dúró. Lára ohun tí ó jóná ni àká kan tí wọ́n pè ní G-Drive, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń fi ìwé iṣẹ́ wọn pamọ́ sí, tí ohun inú rẹ̀ tó tẹ́ráábáìtì 858. Kò ní ẹ̀dà níbòmíràn. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ó ti tóbi jù láti dà kọ. N kò rí ìdí kankan nínú àlàyé yẹn tí ó fi yẹ kí òṣìṣẹ́ pàdánù iṣẹ́ ọdún púpọ̀: ohun tí ó bá tóbi jù láti dà kọ ti tóbi jù láti gbé sí abẹ́ òrùlé kan ṣoṣo.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí a kò gbọdọ̀ fò. A lè ní ẹ̀dà, kí á ní ìwé atọ́nà, síbẹ̀ kí ẹ̀dà náà jẹ́ orúkọ lásán. Ilé-iṣẹ́ GitLab, tí àwọn akọ̀wé-kọ̀ǹpútà ń fi iṣẹ́ pamọ́ sí, rí irú rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017. Òṣìṣẹ́ wọn kan pa àkọsílẹ̀ rẹ́ lórí ẹ̀rọ tí kò rò pé òun wà. Nígbà tí wọ́n sáré lọ sí ẹ̀dà, wọ́n rí i pé ètò tí ń ṣe ẹ̀dà ojoojúmọ́ ti ń kùnà, nítorí pé ìran irin-iṣẹ́ tí ó ń lò kò bá ti àkọsílẹ̀ mu. Ètò náà ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ọ̀hún kì í dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, àpótí lẹ́tà ń kọ̀ ọ́. Ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún iṣẹ́ mìíràn, ni ó gbà wọ́n. Ohun tí àwọn oníbàárà kọ láàárín wákàtí mẹ́fà náà kò padà mọ́.

HSM náà ń kọ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ní òròòru. Bí àkójọ dátà kan bá wà ní ọwọ́ iṣẹ́ mìíràn ní wákàtí tí HSM dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, HSM lè máà rí i dà kọ, yóò sì kọ ọ́ sínú ìròyìn òwúrọ̀. Ẹ sì wò ó: àkójọ dátà wo ni ó máa ń wà ní ẹnu iṣẹ́ tọ̀sán-tòru? Àwọn tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni. Nítorí náà, àwọn tí a kò fẹ́ kí ó sọnù rárá ni ó rọrùn jù lọ láti fò dá, bí ẹnikẹ́ni kò bá ka ìròyìn náà.

Arábìnrin olùkọ́ ìṣirò ni ó béèrè ìbéèrè tí ó kẹ́yìn, pé kí ni ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ju kọ̀ǹpútà kékeré kan lọ lè mú nínú gbogbo èyí, níbi tí máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà. A sọ fún un pé kí ó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kí ó ju ọwọ́ sínú orúkọ àwọn kíláàsì láti mú ọ̀kan, kí ó gba ẹ̀dà máàkì kíláàsì náà padà pẹ̀lú orúkọ mìíràn lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó sì gbé ìwé máàkì tí olùkọ́ fi ọwọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò fi wọ́n wé ara wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ṣe ẹ̀dà náà. Kí wọ́n sì kọ ìṣẹ́jú tí ó gbà láti ìgbà tí wọ́n béèrè ẹ̀dà títí di ìgbà tí máàkì àkọ́kọ́ hàn. Ní àwọn ibùdó kọ̀ǹpútà ńlá, nọ́ńbà yẹn ni ọ̀gá àgbà máa ń kọ́kọ́ béèrè ní òwúrọ̀ tí nǹkan bá ti bàjẹ́.